Àpáàdì Lẹ Pè É, Ìtàn Ni: Ẹ Jẹ́ Ká Máa Lọ Wo Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Walẹ̀

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Kì í ṣe fídíò yìnyín, kì í ṣe ti ọkọ̀ tuntun. Fídíò kòtò ni. Kòtò onígun mẹ́rin kan báyìí tí wọ́n ta okùn funfun yí ká, nítòsí ìlú Cortez ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ó gbẹ, igbó rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ, ó sì wà lókè gan-an, nǹkan bíi 1,900 mítà sí òkun. Aṣálẹ̀ orí òkè ni. Ọkùnrin kan tó dé fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ dúró létí kòtò, ó fi ìka méjì mú àpáàdì kan, ó ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn tó yí i ká. Àpáàdì o! Ìyẹn ìkòkò fífọ́. Àwọn tó ń gbọ́ ọ dákẹ́ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, a sanwó ká tó wọlé o."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé wa níbí ní Ìkìrun, ibi tí òjò ti wọ́ ilẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi ṣa àpáàdì méje. Méjì nínú wọn ní ọnà lára, bí ẹni pé wọ́n yí okùn lórí amọ̀ nígbà tó ṣì tutù. Ta ló mọ ọ́n? Ọdún wo? Kò sẹ́ni tó bi mí rí, èmi náà kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Ibi tí àbúrò mi lọ yẹn, Crow Canyon ni wọ́n ń pè é. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń mú àwọn ará ìlú wọ ibi tí wọ́n ti ń walẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ àti bàbá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ń fọwọ́ ara wọn gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ojú onímọ̀. Àwọn Pueblo ló ni ibẹ̀ nígbà láéláé. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí ọdún 1300, wọ́n ti kó kúrò lágbègbè náà, wọ́n lọ sí gúúsù. Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣì wà láyé, àwọn náà sì lóhùn sí bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìyẹn ló wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ni baba tí wọ́n ń wá nínú ilẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń gbọ́, ó ń dá sí i.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ sí Ilé-Ifẹ̀ rí, mélòó nínú yín ló dé Ìta Yemòó? Ẹ má parọ́. Ẹ dé ààfin, ẹ ya fọ́tò, ẹ dé Ọ̀pá Ọ̀rányàn, ẹ tún ya fọ́tò, ó parí. Ní ọdún 1957 ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún ilẹ̀ ṣe fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó kan àwọn ère idẹ nínú ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ère ọba àti ayaba tí wọ́n dúró pa pọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn so kọ́ra. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Frank Willett ló walẹ̀ ibẹ̀ láti 1957 títí di 1963. Lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 2015 ni Gérard Chouin àti Adísà Ògúnfọlákàn ti tún padà síbẹ̀ láti walẹ̀, èyí èkejì sì jẹ́ ọmọ wa, olùkọ́ ní OAU.

Ohun tó dá mi dúró nígbà tí mo débẹ̀ kì í ṣe idẹ, torí idẹ ti wọ mùsíọ́ọ̀mù tipẹ́. Ilẹ̀ ni. Wọ́n kọ́ òrùlé bo ibì kan tí àwọn ará Ifẹ̀ ayé àtijọ́ fi àpáàdì tẹ́ bí ẹní. Wọn kò kàn da àpáàdì sílẹ̀ kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o. Ńṣe ni wọ́n to wọ́n ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ lókè, ọ̀kan tẹ̀ sápá ọ̀tún, ìlà kejì tẹ̀ sápá òsì, bí eegun ẹja. Láwọn ibòmíràn wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín rẹ̀ kó lè dán. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin tó jọba, ló ní kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ ìlú bẹ́ẹ̀ torí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Bóyá òótọ́ ni, bóyá àgbà kan ló fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, ojú mi ló rí i, ó sì ti lé ní 500 ọdún dáadáa tí ẹsẹ̀ èèyàn ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ronú sí iye ìkòkò tó gbọ́dọ̀ fọ́ kí ojúlé kan tó tẹ́ tán. Ìlú tó ń fọ́ ìkòkò tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe abúlé.

Ọkùnrin tó mú wa yí ká lọ́jọ́ náà kò ká ìwé fún wa. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí àwa náà bẹ̀rẹ̀, ó wá bi wá pé, "Níbo ni omi òjò máa ń gbà lọ níbí?" Gbogbo wa dákẹ́. Ó fi ọwọ́ hàn wá pé ilẹ̀ náà dà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà náà ló yé mi pé ẹni tó tẹ́ ilẹ̀ yìí ti ro ọ̀rọ̀ ìṣàn omi ṣáájú ọ̀pọ̀ àwọn kọngílá wa.

Ìdí tí mo fi ń sọ pé ká máa lọ wò ó nìyẹn. Ère tó wà nínú gíláàsì ní mùsíọ́ọ̀mù dára, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nílé rẹ̀. Inú kòtò lẹ ti máa rí i pé ilẹ̀ ní ìpele. Èyí tó dúdú yìí, iná ló jó níbẹ̀. Èyí tó pupa yìí, ògiri alámọ̀ ló wó. Èyí tó ní ìkarahun ìgbín àti eegun wẹ́wẹ́, ààtàn ni, ibi tí ìyálé kan ti ń da ìdọ̀tí sí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Wọn kì í fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ. Irin pẹlẹbẹ tí àwọn bíríkìlà fi ń yí sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e, wọ́n á sì sẹ́ gbogbo iyẹ̀pẹ̀ tó bá jáde nínú asẹ́. Ohunkóhun tó bá kù sójú asẹ́, inú ọ̀rá ló ń lọ, pẹ̀lú nọ́ńbà kòtò àti bó ṣe jìn tó lára rẹ̀. Bí nọ́ńbà yẹn bá sọnù, ó ti di àpáàdì lásán padà nìyẹn. Èédú tí wọ́n bá rí, wọ́n á gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò kí wọ́n lè fi mọ ọdún tí igi náà kú.

Ẹ wo ti Igbó Olókun, tó wà ní Ifẹ̀ náà. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, débẹ̀, ó walẹ̀, ó rí àwọn nǹkan tó ya á lẹ́nu. Ọkàn rẹ̀ kò gbà pé àwọn baba wa lè ṣe wọ́n. Ló bá ní àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tó rì sínú òkun, ló dé ibí. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ tó ń fi ilẹ̀ hàn án kò tó ẹni tó ṣe é, àfi àlejò láti inú òkun. Èrò burúkú yìí kò tètè kú o. Títí di àìpẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n ń rí ní Ifẹ̀, láti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí Yúróòpù ló ti wá, pé bí àwọn ará Ifẹ̀ bá tiẹ̀ ṣe ohunkóhun, àfọ́kù ti àwọn ẹlòmíì ni wọ́n ń yọ́.

Ọmọ Yorùbá kan, Abídèmí Babalọlá, ló lọ gbẹ́ Igbó Olókun láti 2010. Nígbà tó máa fi ṣe tán, ìlẹ̀kẹ̀ tó ti kó jáde lé ní 12,000. Ó lé ní 800 àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì tó bá níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n yẹ èròjà inú gíláàsì náà wò, wọ́n rí i pé kò bá ti ibòmíràn láyé mu. Àwọn ará Ifẹ̀ ló ń fi iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta àdúgbò wọn pò ó láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500, tí ìlẹ̀kẹ̀ náà sì ń rìnnà jìn kọjá ilẹ̀ Yorùbá. Ilé iṣẹ́ ni ibẹ̀ nígbà náà. Ó ti ní iná, ó ti ní ẹ̀yà iṣẹ́, ó ti ní oníbàárà lẹ́yìn odi.

Wàyí o, ká ní lọ́dún 2011, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ibẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kí àwọn ọmọ iléèwé girama Ifẹ̀ máa wá ní ọjọ́ Jimọ̀, ogún ọmọ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dúró sẹ́yìn okùn kí wọ́n sì máa wo bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń jáde nínú asẹ́. Ọmọ tó bá rí ìyẹn, ẹ lọ sọ ọ̀rọ̀ Atlantis létí rẹ̀ kẹ́ ẹ wo ohun tó máa fi dá yín lóhùn.

Àwọn kan máa ní Ifẹ̀ ni Ifẹ̀, kí ló kan àwa ará Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù? Ó kàn wá dáadáa. Ibi tó sún mọ́ wa jù tí mo mọ̀ ni Òṣogbo, ìrìn tí kò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀ àkérò. Gbogbo yín lẹ mọ Igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2005. Ẹ ń lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ẹ ń wọ aṣọ funfun. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ti walẹ̀ nínú igbó yẹn? Akínwùmí Ògúndìran àti Akin Ìgè, onímọ̀ nípa òkúta, fi ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ hàn lọ́dún 2015 pé àwọn ará Òṣogbo àtijọ́ náà mọ iṣẹ́ gíláàsì. Èèyàn gbé inú igbó yẹn, wọ́n dáná níbẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó tó di igbó tí a ń bọ.

Ògúndìran yìí kan náà ló walẹ̀ ní Ẹdẹ-Ilé, ìtàn tèmi gan-an nìyẹn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ọ̀yọ́ ló rán Tìmì wá sí Ẹdẹ. Ṣùgbọ́n báwo ni onímọ̀ ṣe máa fi ilẹ̀ mọ̀ pé ará Ọ̀yọ́ ló gbé ibì kan ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, tí kò sí ìwé, tí kò sí fọ́tò? Àkọ́kọ́, àwọn ìkòkò. Ọnà ara wọn jọ ti Ọ̀yọ́-Ilé, kò jọ ti Ifẹ̀ tàbí ti Ìjẹ̀ṣà. Èkejì, eegun ẹṣin. Ta ló ń gun ẹṣin nígbà náà bí kò ṣe àwọn ará Ọ̀yọ́? Wọ́n tún rí owó ẹyọ àti ìkòkò tábà, tó fi hàn pé ọjà òkun ti ń dé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ló dùn mọ́ mi jù: igi oṣè. Igi oṣè kì í ṣe igi ilẹ̀ wa lápá ibí, ilẹ̀ ọ̀dàn lókè lọ́hùn-ún ló ti ń hù. Àmọ́ igi oṣè ńláńlá dúró ní Ẹdẹ-Ilé. Ẹnì kan ló gbé e wá láti ilé. Ẹni tó bá ti jẹ ọbẹ̀ lúrú rí mọ ìdí tí èèyàn tó ń ṣí lọ sílẹ̀ àjòjì fi máa gbé igi oṣè dání. Ìyá kan rò ó pé níbi tí a ń lọ yìí, kí la máa fi se ọbẹ̀? Ìjọba Ọ̀yọ́ rán ọmọ ogun, ìyá yẹn gbé ọbẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé wọn. Igi náà ṣì wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí.

Bí ẹnì kan bá dúró lábẹ́ igi yẹn tó sọ ìtàn yìí fún ọ̀dọ́ mẹ́wàá tó ti Èkó wá, ẹ gbà mí gbọ́, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló máa gbé e sórí TikTok kí ilẹ̀ tó ṣú.

Tiwa gan-an wá ńkọ́? Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, ogun Jálumi jà níbí ní Ìkìrun. Ajàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n, Balógun Ìbàdàn, kó ogun wá, ó kọlu àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìlá àti Ìlọrin tó ti dó tì wá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà, àwọn tó ń sá lọ já sínú odò Ọ̀tìn, ọ̀pọ̀ wọn ni omi gbé lọ. Ibẹ̀ ni orúkọ ogun náà ti wá. Odò Ọ̀tìn yẹn náà lẹ fi ń sọdá lọ sí Ìníṣà láìwo ẹ̀yìn. Ogun Kírìjì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, kò sì parí tán títí di 1893, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886. Igbájọ, tó jẹ́ ibùdó ogun Ìbàdàn, kò jìnnà sí wa. Ibùdó ogun tó dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í ṣe àgọ́ o, ìlú ni. Wọ́n bímọ níbẹ̀, wọ́n nájà níbẹ̀, wọ́n sin òkú síbẹ̀. Ọta ìbọn, àfọ́kù ìgò, ìlẹ̀kẹ̀, ibi ààrò alágbẹ̀dẹ, gbogbo rẹ̀ ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pa mọ́.

Àwọn ará Òkukù, wọ́n sá wá sí Ìkìrun lọ́dọ̀ wa nígbà ogun náà, wọ́n ṣe àtìpó níbí títí ogun fi parí kí wọ́n tó padà sílé. Ìyẹn nìkan kọ́ ni ìgbà tí wọ́n pàdánù ìlú. Ṣáájú Òkukù, Kọ̀ọ̀kin ni wọ́n gbé, kí ogun Ìjẹ̀ṣà tó tú u. Karin Barber, òyìnbó tó gbé Òkukù láàárín àwọn ọdún 1970 tó sì kọ ìwé lórí oríkì wọn lọ́dún 1991, fi hàn bí àwọn obìnrin ilé ṣe ń fi oríkì pa orúkọ Kọ̀ọ̀kin mọ́ láti ìran dé ìran. Fún awalẹ̀pìtàn, oríkì bẹ́ẹ̀ ju máàpù lọ. Ó sọ orúkọ ilé, ó sọ orúkọ odò, ó sọ ẹni tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ àti ẹni tó ń ta aró. Ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n kì í pẹ́ mọ́ láyé. Ilẹ̀ ibẹ̀ náà kò ní pẹ́ di oko kàsáfà tàbí ẹ́sítéètì.

Nǹkan tó ń bà mí nínú jẹ́ nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ń gbẹ́ fáúndéṣọ̀n ilé kan ládùúgbò wa. Èmi náà dúró níbẹ̀ tí mò ń wò, bí a ti ń ṣe. Àwọn lébìrà kan ìkòkò kan, odidi, ó ní ọrùn, ó ní ọnà yí ká èjìká, ìdérí àpáàdì wà lẹ́nu rẹ̀. Ariwo ta. Ẹnì kan ní ẹbọ ni. Òmíràn ní ibi tí wọ́n de ìràwọ̀ oníilé mọ́ nìyẹn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ya fọ́tò rẹ̀, ká pe àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Onílé wò mí bí ẹni tó fẹ́ kó o sí wàhálà. Wọ́n pe wòlíì, wọ́n da òróró sí i, wọ́n gbàdúrà fún bí wákàtí kan, wọ́n fi dígà fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì da kọnkéré lé e lórí. Kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò náà ju iyẹ̀pẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí: fáúndéṣọ̀n ilé náà ni wọ́n ń gbẹ́ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ lọ́dún 1938 nígbà tí wọ́n kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Ó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní London dòní. Ká ní wòlíì ni wọ́n kọ́kọ́ pè ńkọ́?

N kò bínú sí onílé wa yẹn. Ẹ̀rù ló bà á. Ta ló ti mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń walẹ̀ rí, tó fi máa mọ̀ pé ìkòkò inú ilẹ̀ lè jẹ́ ìkòkò omi lásán tí ìyálé kan rì mọ́lẹ̀ kí omi rẹ̀ lè tutù? Òfin wà, òfin 77 ti ọdún 1979 tó dá àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀. Kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin tí lébìrà kò gbọ́ rí kò lè dá dígà dúró.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Gbogbo àwọn tó ń gba àṣẹ láti walẹ̀ nílẹ̀ wa, ì báà jẹ́ yunifásítì wa, ì báà jẹ́ àlejò, kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ará ìlú níwọ̀n ìgbà tí kòtò bá ṣì ṣí. Kì í ṣe ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n máa ń pe kábíyèsí àti oníròyìn wá ya fọ́tò o. Ọjọ́ iṣẹ́ gan-an, tí ọwọ́ wọn dọ̀tí. Kí wọ́n kọ́ ọ̀dọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ládùúgbò náà láti máa mú èèyàn yí ká, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn yẹn gba owó tó tó jẹun níbẹ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Òkukù. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ òwò níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa wá iṣẹ́ lọ sí Èkó nígbà tí ìtàn tó ṣeé tà wà lábẹ́ bàtà wọn.

Mo ti gbọ́ àwọn àtakò. Wọ́n ní àwọn olè á mọ ibi tí nǹkan wà. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn olè ti mọ̀ tipẹ́. Àwọn ọdún 1990 tí wọ́n jí àwọn orí àti ère kó ní mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀, ṣé ará ìlú tó wá wòran ló jí i? Ibi tí ojú bá pọ̀ sí ló ń nira fún olè. Wọ́n tún ní èrò á wó ètí kòtò. Òótọ́ ni, ilẹ̀ amọ̀ kò gba ìtẹ̀mọ́lẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n ní Göbekli Tepe ní Tọ́kì, tó ti lé ní 10,000 ọdún, òrùlé ńlá ni wọ́n kọ́ bo ó, wọ́n sì ṣe ọ̀nà onípákó yí ká tí àlejò fi ń rìn lókè kòtò. Àwa kò nílò irú owó bẹ́ẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Èèkàn, okùn, pákó mẹ́wàá àti ẹni tó lè pariwo pé "Ẹ sún sẹ́yìn!" ti tó.

Àtakò kan wà tí mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ibì kan jẹ́ ibi ìbọ, àwọn ibì kan jẹ́ ibi òkú. Ẹni tó ni ibẹ̀, ì báà jẹ́ àwòrò, ì báà jẹ́ mọ̀lẹ́bí, ló gbọ́dọ̀ sọ bóyá kí wọ́n walẹ̀ rárá, ká má tiẹ̀ sọ pé kí èrò wá wò ó. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò sí lára àwọn tó ń pariwo pé kí ìjọba gbẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde kíákíá. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti gbẹ́, kò ṣeé gbẹ́ mọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi máa ń fi apá kan sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, tí wọ́n sì máa ń fi iyẹ̀pẹ̀ dí kòtò padà nígbà tí wọ́n bá ṣe tán. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa ní irinṣẹ́ tó ju tiwa lọ. Ẹni tó walẹ̀ lọ́dún 1910 kò mọ̀ pé èédú lè sọ ọjọ́ orí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, ẹ ya Igbó Ọ̀ṣun, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tó bá ń mú yín yí ká léèrè nípa iṣẹ́ gíláàsì ibẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ẹ sọ fún un. Ẹ gbọ̀nà Ifẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ́kọ́ wọ mùsíọ́ọ̀mù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni, ẹ béèrè ẹni tó máa mú yín dé Ìta Yemòó. Ẹ wọ bàtà tó délẹ̀, ẹ mú omi dání, ẹ má ṣa ohunkóhun sápò, àpáàdì kékeré pàápàá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ńkọ́? Bí dígà bá kan ìkòkò, ẹ ní kí wọ́n dúró ná. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù. Ẹ gbé owó kọ́ìnì tàbí bírò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí bó ṣe tóbi tó lè hàn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà nínú ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì ránṣẹ́ sí mùsíọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo. Ẹ lè pe wòlíì lẹ́yìn ìyẹn bó bá wù yín.